Kí Ẹ Tó Da Májèlé Sórí Ewéko Iwájú Ilé Yín

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Mọ́níyà kọjá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tó ya sí Làlúpọn, Ẹ̀rúnmu tàbí Akanran, agbára káká ni yóò fi rí ilé kan tí kò sí ewéko kankan lójúde rẹ̀. Ẹlòmíràn gbin òdòdó sínú ìkòkò amọ̀, ẹlòmíràn gbìn ín sínú táyà ọkọ̀ tó ti gbó. Àwọn ìyá wa gbin ata, ẹ̀fìnrín àti ewúro sínú garawa tó ti lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, igi ìbẹ́pẹ kan tàbí méjì yóò sì dúró sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ń da omi tí wọ́n fi fọ abọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kejìlá bá wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ohun funfun kan á ti bo abẹ́ ewé, á ṣù bí òwú sí oríkèé igi, ewé á máa ká kò, òdòdó ata á máa rẹ̀ dànù. Ẹni tó ni í á pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá bá òun wò ó. Ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu onítọ̀hún ni pé: "Ẹ lọ ra ọ̀tápiápíá, kí ẹ dà á sí i."

Ìmọ̀ràn yẹn la fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe pé oògùn náà kì í pa kòkòrò. Ó ń pa á, ṣùgbọ́n ó tún ń pa àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run ti fi sórí ewé yẹn láti bá yín jà, ó sì lè pa ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Ní agbègbè Ìbàdàn wa yìí gan-an, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni wọ́n ti fi han gbogbo ayé ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn pé ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà ṣẹ́gun irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ dá ohun tí ẹ ń bá jà mọ̀. Ẹ yí ewé náà padà, nítorí abẹ́ ewé ni wọ́n fẹ́ràn jù, níbi tí oòrùn àti òjò kò ti ní rí wọn mú. Bí ojú kò bá ríran tó, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fẹ àwòrán náà tóbi. Iṣẹ́ kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní mealybug. Àwa yóò máa pè é ní kòkòrò oníyẹ̀fun nínú àpilẹ̀kọ yìí, torí pé bí ohun tó yí nínú ìyẹ̀fun ló rí. Ara rẹ̀ rọ̀, kò tóbi tó hóró ìrẹsì kan, kì í sì í fẹ́ kúrò lójú kan. Ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, òun ló fi ń gún ewéko tó fi ń fa oje rẹ̀ mu. Funfun tí ẹ ń rí lára rẹ̀ kì í ṣe ara rẹ̀ rárá, ìda ni. Ìda yìí ni aṣọ òjò rẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn fínfín yóò ti já wa kulẹ̀ láìpẹ́.

Bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé, tí ohun funfun wínníwínní sì fò dìde bí eérú, kì í ṣe oníyẹ̀fun nìyẹn, eṣinṣin funfun ni. Irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ń yé ẹyin sábẹ́ ewé, yóò fi ìda ya ìlà funfun tó lọ́ yíká bí ìkarahun ìgbín. Ẹ lọ wo abẹ́ ewé gúáfà tàbí ti igi fúrúùtù tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń sọ ní òkúta, ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìlú òkèèrè lòun náà ti wá, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní ilẹ̀ wa. Òmíràn tún wà tó lẹ̀ mọ́ igi bí èépá egbò, tí a kì í rí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí èèyàn á rò pé ara igi ni. Ẹ fi èékánná họ ọ́. Bó bá ṣí, tí abẹ́ rẹ̀ sì tutù, kòkòrò ni. Ní ti àwọn wínníwínní aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tí wọ́n máa ń ṣù jọ sára ewé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, àwọn ni wọ́n rọrùn jù láti kápá, omi lásán tó bá fi agbára tú jáde ti tó láti fọ̀ wọ́n dànù.

Ohun kan pa gbogbo wọn pọ̀. Oje tí wọ́n ń mu pọ̀ ju ohun tí ikùn wọn lè gbà lọ, nítorí náà wọ́n máa ń ya èyí tó kù dànù ní omi dídùn tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Orí omi dídùn yìí ni ohun dúdú kan máa ń hù sí, tí ewé á fi dà bí èyí tí wọ́n fi èéfín ààrò kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé àìsàn mìíràn ni, wọn a sì lọ ra oògùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kòkòrò bá ti kúrò, ohun dúdú náà yóò ṣí dànù fúnra rẹ̀.

Omi dídùn yìí kan náà ló ń pe èèrà. Bí ẹ bá rí èèrà tó tò lọ tó tò bọ̀ lára òdòdó yín, ẹ má ṣe rò pé òdòdó ló ń wá. Bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù rẹ̀ ni èèrà ń ṣọ́ kòkòrò wọ̀nyí. Yóò máa mu omi dídùn wọn, yóò máa lé ọ̀tá wọn sẹ́yìn, nígbà mìíràn yóò tiẹ̀ gbé wọn láti orí igi kan lọ sí òmíràn. Ẹni tó bá ń pa oníyẹ̀fun tí kò bá èèrà wí, inú agbọ̀n ló ń pọn omi sí.

Ohun tó ṣe ẹ̀gẹ́ wa

Àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 á rántí bí ẹ̀gẹ́ ṣe ṣe nígbà náà. Orí ẹ̀gẹ́ á ká jọ bí ìkúùkù, oríkèé rẹ̀ á súnmọ́ ara wọn, igi á wọ́, ewé á máa já bọ́ títí yóò fi ku ọ̀pá lásán. Níbi tí ọ̀ràn náà ti le jù, ìkórè tó ń ṣòfò tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Kì í sì í ṣe gàrí àti láfún ọdún náà nìkan ló bá a lọ. Igi ẹ̀gẹ́ la ń gé gbìn, ẹni tí kòkòrò bá sì ti jẹ igi oko rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?

Kòkòrò oníyẹ̀fun kan ló ń ṣe iṣẹ́ ibi náà, kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò bá a rìn nígbà náà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló ṣèèṣì wọlé. Ní 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville. Nígbà tó máa fi di 1979, ó ti dé Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Abo ni gbogbo wọn, wọn kò nílò akọ kí wọ́n tó bímọ, ọ̀kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin tó tó 400. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ní ilẹ̀ àjèjì tó dé yìí, kò bá ọ̀tá kankan tó lè kápá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti kan Akínyẹlé nìyí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Mọ́níyà. Ní 1979 ni onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Hans Herren, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, dé síbẹ̀. Ìbéèrè tó béèrè kò le rárá: ní ilé tí kòkòrò yìí ti wá, kí ló dé tí kò fi pa gbogbo ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ run? Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń pa á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ní 1981, Tony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, rí kòkòrò náà ní orílẹ̀-èdè Paraguay. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀ràn ibẹ̀ wò dáadáa, wọ́n bá agbọ́n kékeré kan níbẹ̀ tó ń fi kòkòrò náà ṣe oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ agbọ́n dẹ́rù bà yín. Agbọ́n yìí kéré ju èèrà lọ, kò lè ta èèyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò wá kòkòrò oníyẹ̀fun rí, yóò gún un nídìí, yóò sì yé ẹyin kan sí i nínú. Ọmọ tó bá pa nínú rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ láti inú wá títí tí ara rẹ̀ á fi gbẹ, tí á wú, tí á sì le koko bí èèpo hóró bàbà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ agbọ́n á lu ihò roboto kan, á sì fò jáde lọ wá òmíràn.

Wọn kò kàn gbé agbọ́n náà wọ Ìbàdàn bí ẹni gbé adìẹ ọjà. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti sé e mọ́lé láti rí i dájú pé kò kó ohun mìíràn bá wa. Ní 1981 kan náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri fúnra rẹ̀ láti oko dé oko, láìpẹ́ ó ti gba ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà kan. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù rí i, àwọn náà béèrè fún un, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú tú u sílẹ̀ ní ibi tí mọ́tò kò lè dé kíákíá. Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ti ọdún 1995 ni wọ́n fi dá Herren lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí. Ní 2009, nígbà tí kòkòrò yẹn kan náà kọ lu ẹ̀gẹ́ ní orílẹ̀-èdè Thailand, ẹ̀ka IITA tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti lọ gba agbọ́n.

Ohun tó wú wa lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé kò sí àgbẹ̀ kan ní Lagelu tàbí Ọ̀nà-Àrà tó san kọ́bọ̀ lé e lórí. Ọ̀pọ̀ wọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn rí i pé ẹ̀gẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ni.

Ìtàn náà kò sì tán síbẹ̀. Irú oníyẹ̀fun mìíràn gbógun ti máńgòrò ní Togo, Benin àti Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti lọ gbé agbọ́n tirẹ̀ wá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Togo ní 1987. Ti ìbẹ́pẹ ni èyí tó dé kẹ́yìn. Wọ́n rí i ní Ghana ní 2009, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Òun ló máa ń bo èso ìbẹ́pẹ bámúbámú bí ẹni da ìyẹ̀fun fùfú lé e, tí yóò sì tún kọjá sára ẹ̀gẹ́ àti àwọn òdòdó ojúde. Òun náà ní agbọ́n tó ń bá a jà.

Ìdí tí májèlé fi ń dá kún un

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òdòdó yín. Bí ẹ bá fín oògùn líle sí i, ìda ara oníyẹ̀fun á gba ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró, ẹyin tó wà nínú òwú kò ní mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n agbọ́n tó ń fò káàkiri kò ní ìda kankan lára, òun ni yóò kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹyin á pa, kò sì ní sí ọ̀tá mọ́. Ẹni tó fín oògùn á wá sọ pé kòkòrò ọdún yìí lágbára, á sì lọ ra èyí tó le jù ú lọ.

Ti èèyàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èròjà DDVP, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Sniper, ló sábà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà àti nínú ṣọ́ọ̀bù. Oògùn oko ni, a kò ṣe é fún inú ilé, kò sì yẹ kó kan ata àti ẹ̀fìnrín tí a máa já sínú ọbẹ̀ lọ́la. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó ń gba imú wọlé. Bí ó bá ti wọ ara ẹnìkan lára, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa làágùn, ẹyinjú rẹ̀ á súnkì, èémí á máa ṣòro. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé òun náà kò ta sí yín lára. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi tipátipá mú un bì, nítorí ohun tó bá ń bì lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Bó bá jẹ́ ìkòkò òdòdó kan tàbí méjì ló mú, ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti bàjẹ́ jù, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá tàbí kí ẹ sun ún, ẹ má jù ú sórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó kù, ẹ fi àkísà tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó nù ún pẹ̀lú omi ọṣẹ. Ṣíbí ìmutíì kan ọṣẹ olómi nínú omi lítà kan tó. Ọṣẹ dúdú náà dára, àmọ́ torí pé ó máa ń le, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan ṣoṣo, kí ẹ sì wò ó di ọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn má baà bá ọṣẹ náà lára ewé. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, títí yóò fi tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, nítorí ẹyin tó bọ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ á ti pa.

Bí nǹkan bá le ju ọṣẹ lọ, igi dóńgóyárò wà káàkiri ìgboro àti ìletò. Hóró èso rẹ̀ lágbára ju ewé lọ. Ẹ sá a nínú ibòji kó gbẹ, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ gún inú rẹ̀ kúnná. Ìwọ̀n 500 gíráàmù nínú omi lítà 10 ni kí ẹ rẹ mọ́jú, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ sì fín in sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Ó ń dí wọn lọ́wọ́ oúnjẹ ni, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ wọn dàgbà.

Àwọn nǹkan mìíràn tí a ń gbọ́ kò dọ́gba. Kẹrosíìnì ń jó ewé. Omi tábà ń pa kòkòrò lóòótọ́, májèlé gidi sì lòun náà, ó sì lè kó àrùn tábà ran ata àti tòmátì. Eérú dára fún kòkòrò tó ń gé ewé jẹ, ṣùgbọ́n ó lè má ṣe ohunkóhun fún oníyẹ̀fun tó ti wọ aṣọ ìda.

Ní ti èèrà, ẹ wé ọ̀rá mọ́ ìdí igi ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò, kí ẹ sì fi gíríìsì pa orí ọ̀rá náà yíká. Ẹ má fi gíríìsì pa ara igi lásán. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá fara kan ògiri tàbí igi mìíràn, nítorí èèrà á gba ibẹ̀ kọjá. Ìkòkò òdòdó ní tirẹ̀, ẹ lè gbé e lé orí òkúta nínú abọ́ tó ní omi ọṣẹ, àmọ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà kí ẹ̀fọn má baà bímọ sí i.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ wò ó bóyá ọmọ ogun wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí oníyẹ̀fun tó ti gbẹ, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó sì ní ihò roboto lára, agbọ́n ti dé nìyẹn, ẹ fi ẹ̀ka náà sílẹ̀. Kòkòrò roboto kan tún wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀rẹ́ yín ni. Èyí tó ṣòro ni pé àwọn ọmọ òmíràn nínú irú rẹ̀ máa ń gbé ìda funfun wọ̀ gẹ́gẹ́ bí oníyẹ̀fun, àwọn èèyàn sì máa ń tẹ̀ wọ́n pa. Ẹ fi igi kékeré tọ́ ọ. Bó bá sáré lọ kíákíá, ọdẹ ni, ẹ má pa á.

Òdòdó tí ẹ bá rà lẹ́bàá títì tàbí tí wọ́n ta yín lọ́rẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbé e bá àwọn yòókù. Igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ fẹ́ gbìn, ẹ yẹ oríkèé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gé e, kí ẹ má sì gbà á láti oko tí ewé rẹ̀ ti ká. Ẹ dín ajílẹ̀ tí ẹ ń dà sí òdòdó kù, nítorí ewé tó bá rọ̀ jù ni kòkòrò ń wá. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa fi omi fọ abẹ́ ewé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù Kẹta bá sì ti fi agbára rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, òun fúnra rẹ̀ á bá yín fọ ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù.